Windows àti Linux di orogún lórí dísìkì kan ṣoṣo

Ọmọ iṣẹ́ mi ni mo kọ́kọ́ fẹ̀sùn kàn, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ìyẹn ná. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ní ọdún 2023, akẹ́kọ̀ọ́ kan wá gba orí kẹrin pírójẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tí mo bá a tẹ̀. Mo ṣí fódà rẹ̀. Orí kìíní wà, orí kejì wà, ìkẹta náà wà. Ìkẹrin kò sí. Èmi gan-an ni mo sì tẹ̀ ẹ́ lálẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ojú ewé mẹ́tàlélógójì, tábìlì mọ́kànlá, tí ọrùn fi ń ro mí. Mo kọjú sí ọmọ iṣẹ́ mi, mo ní, "Kí lo pa rẹ́?" Ó ní, "Mi ò pa nǹkan kan rẹ́, Mà." Mo ní irọ́ ló ń pa. Níwájú oníbàárà ni o. Ẹkún ló fi ọjọ́ yẹn sun. Ó tó oṣù méjì kí n tó mọ ẹni tó gbé orí kẹrin yẹn mì, kì í sì í ṣe èèyàn.

Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ni mo ní ní South Gate, lẹ́yìn yunifásítì FUTA níbí ní Àkúrẹ́. À ń tẹ̀, à ń print, à ń ṣe ẹ̀dà, à ń di ìwé. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ kan ni mo rà ní òpópónà Ọba Adésídà: dísìkì rẹ̀ 500 GB, èyí tó ń yí bí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ni, RAM rẹ̀ 8 GB, Windows 10 ló wà lórí rẹ̀. Ẹ̀rọ náà dára. Fláàṣì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ìṣòro mi. Ẹni tó bá mọ South Gate mọ ohun tí mò ń sọ: fláàṣì kan á ti dé ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, fáírọ́ọ̀sì tó ń fi fódà pamọ́ tó sì ń fi shortcut dípò rẹ̀ á ti jókòó sínú rẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín oṣù kan ni wọ́n bá mi tún Windows fi sí i.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ní kí n jẹ́ kí òun fi Ubuntu, irú Linux kan tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi ti Windows, sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ Windows. Fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n kọ fún Windows kò lè ṣiṣẹ́ lórí Linux, nítorí náà Ubuntu ni n ó máa fi ṣí fláàṣì, Windows sì wà fún Word. Ó pín dísìkì náà sí yàrá mẹ́ta: ti Windows, ti Ubuntu, àti yàrá D tí àwọn méjèèjì jọ ní, níbi tí iṣẹ́ àwọn oníbàárà wà. Irú ètò ìkọ́fáìlì tí Windows ń lò, NTFS, ló fi ṣe yàrá D, torí Linux lè ka NTFS, ṣùgbọ́n Windows kò lè ka ext4 tí Ubuntu ń lò. Gbogbo rẹ̀ kò gbà ju ọ̀sán kan lọ. Mo dúpẹ́, mo sè fún un, ó padà síbi iṣẹ́ rẹ̀.

Aago ló kọ́kọ́ yọ mí lẹ́nu. Bí mo bá kúrò ní Ubuntu bọ́ sí Windows, aago á ti fi wákàtí kan rẹ̀yìn. Mo gbé e fún onítúnṣe, ó pààrọ̀ bátìrì kékeré tó dà bí owó ẹyọ nínú rẹ̀, ó gba owó rẹ̀, aago ṣì ń rẹ̀yìn. Kò sí ohun tó ṣe bátìrì. Linux ń kọ aago inú ẹ̀rọ sílẹ̀ ní àsìkò Greenwich, Windows sì gbà pé àsìkò ilé ni wọ́n kọ síbẹ̀. Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣíwájú Greenwich, wákàtí tó ń sọnù náà nìyẹn. Àṣẹ kan ṣoṣo nínú Terminal ti Ubuntu, timedatectl set-local-rtc 1, tó ní kí Linux náà máa lo àsìkò ilé, ló parí ẹjọ́ náà. Owó bátìrì ti lọ ní tirẹ̀. Ká ní mo ti fi ìyẹn kọ́gbọ́n ni, pé bí nǹkan bá yàtọ̀ lórí ẹ̀rọ onílé méjì, kí n kọ́kọ́ bi ara mi bóyá àwọn méjèèjì ni kò gbọ́ra wọn yé kí n tó náwó.

Kò pẹ́, yàrá D bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀ fún mi. Mo wọ Ubuntu, mo fẹ́ tọ́jú iṣẹ́ sí D, ó ní mo lè kà á ṣùgbọ́n mi ò lè kọ nǹkan sí i. Mo lọ sínú Terminal, mo rí gbólóhùn gígùn kan, ibi tó ṣe pàtàkì nínú rẹ̀ ni: "Metadata kept in Windows cache, refused to mount." Mi ò kà á já. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa kà á já. Gbólóhùn yẹn fúnra rẹ̀ sọ àtúnṣe fún mi nísàlẹ̀, pé kí n padà sí Windows kí n lọ pa á délẹ̀délẹ̀. Mo wò ó bí ẹni tó ń wo òyìnbó ilé ẹjọ́, mo bá lọ wá àṣẹ tí n ó dà sí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo rí ntfsfix. Mo fi -d kún un bí mo ṣe rí i níbẹ̀, mo tẹ Enter, D ṣí. Inú mi dùn débi pé mo kọ ọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù. Àràárọ̀ la ń lò ó bí ẹni ń mu àgbo.

Ohun tí mi ò mọ̀ nìyí. Láti ìgbà Windows 8, ní 2012, bí ẹ bá tẹ Shut down, Windows kì í fi bẹ́ẹ̀ kú. Ó máa ń kó ohun tó wà ní ìrántí rẹ̀ pamọ́ sínú fáìlì kan tó ń jẹ́ hiberfil.sys, kó lè yára jí lọ́jọ́ kejì. Fast Startup ni wọ́n ń pè é. Fún ẹni tó ní Windows nìkan, kò burú. Fún onílé méjì, ẹ wò ó bí orogún méjì tó ń lo ilé ìdáná kan. Ìyálé sùn, ṣùgbọ́n ó ti há a sórí pé ìkòkò wà níbí, iyọ̀ wà lọ́hùn-ún. Ìyàwó wọlé lóru, ó gbé ìkòkò síbòmíràn, ó gbé ìkòkò tuntun ka iná. Ìyálé jí, kò wojú ilé ìdáná, ohun tó wà lórí rẹ̀ ló fi ń ṣiṣẹ́. Ibi tó mọ̀ sí òfìfo ló da omi sí, ọbẹ̀ ìyàwó ló sì wà níbẹ̀.

Ìdí tí Ubuntu fi kọ̀ láti kọ nǹkan sí D nìyẹn. Ó ń ṣọ́ mi ni. Èmi ni mo já ilẹ̀kùn.

Ẹ sì wo bí orí kẹrin ṣe lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo tẹ Shut down lórí Windows. Lálẹ́, mo wọ Ubuntu, mo da ntfsfix sí D, mo fi LibreOffice tẹ orí kẹrin, mo tọ́jú rẹ̀ bíi docx. Lọ́jọ́ Ajé, ọmọ iṣẹ́ mi tan Windows, Windows jí pẹ̀lú ìrántí ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó sì tún D ṣe bí òun ṣe mọ̀ ọ́n. Ọmọ náà kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Mo tún orí kẹrin tẹ̀ láti inú ìwé àfọwọ́kọ akẹ́kọ̀ọ́ náà, mi ò gba kọ́bọ̀ lórí èyí, mo sì ń bá ọmọ ọlọ́mọ yan odì fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni Windows fúnra rẹ̀ ní òun fẹ́ yẹ D wò. Nígbà tó parí, mo rí fódà kan tí mi ò dá, found.000. Ó fara pamọ́ ni o, àfi téèyàn bá ní kí Windows fi àwọn ohun tó pamọ́ hàn. Fáìlì FILE0000.CHK, FILE0001.CHK, títí lọ ló kún inú rẹ̀. Mo pe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù, ó ní kí n ṣe ẹ̀dà wọn síbòmíràn, kí n wá yí ìparí orúkọ ẹ̀dà náà padà sí .docx lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n gbìyànjú láti ṣí i. Púpọ̀ nínú wọn kò ṣí. Ìkẹsàn-án ṣí. Orí kẹrin ni, ojú ewé mẹ́tàlélógójì, tábìlì mọ́kànlá.

Mo jókòó níwájú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo pe ọmọ iṣẹ́ mi, mo fi hàn án, mo ní kó má bínú. Ó ní, "Ó ti tán, Mà." Kò tán nínú rẹ̀ pátápátá, torí láti ọjọ́ yẹn ló ti ra ìwé ogójì ewé kan, tó ń kọ gbogbo iṣẹ́ tó bá wọlé sí i: orúkọ, ọjọ́, Windows ni tàbí Ubuntu, ta ló tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rí ara rẹ̀ ló ń tọ́jú. Mi ò dá a lẹ́bi.

Bí ẹ ṣe máa pa Fast Startup: ẹ wọ Control Panel, ẹ lọ sí Power Options, ẹ tẹ "Choose what the power buttons do", ẹ tẹ ìlà kékeré tó ní "Change settings that are currently unavailable", ẹ wá yọ àmì kúrò níwájú "Turn on fast startup". Tàbí kí ẹ ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí administrator, kí ẹ tẹ powercfg /h off, ìyẹn á pa fáìlì hiberfil.sys náà rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá wà lórí ẹ̀rọ ẹlòmíràn tí ẹ kò fẹ́ yí nǹkan padà, Restart ni kí ẹ tẹ̀, kí ẹ mú Ubuntu nígbà tó bá ń tàn. Ó pa mí lẹ́rìn-ín nígbà tí mo gbọ́ ọ: Restart ló ń pa Windows tán, Shut down ni kì í pa á tán. Ní ti ntfsfix, ìwé àlàyé tirẹ̀ gan-an sọ pé òun kì í ṣe chkdsk (irinṣẹ́ tí Windows fi ń yẹ dísìkì wò) ti Linux. Àtúnṣe díẹ̀ ló ń ṣe, ó wá ń sàmì sí i kí Windows lè yẹ̀ ẹ́ wò bó bá jí. Èmi tí mo ń fi -d sí i, àmì náà gan-an ni mò ń pa rẹ́, bí ẹni tó yọ iná ìkìlọ̀ ọkọ̀ kúrò kó lè máa wakọ̀ lọ.

Àìsàn kejì kéré, n kò ní fi jẹ yín níyà. Iná lọ nígbà tí à ń ṣiṣẹ́ lórí Ubuntu, bátìrì tòkunbọ̀ kò gbé e dé ìṣẹ́jú méjì. Nígbà tí mo tún un tàn, ojú dúdú ló fi pàdé mi, ó kọ (initramfs), ó ní kí n fọwọ́ ara mi ṣe fsck, irinṣẹ́ tí Linux fi ń yẹ dísìkì wò. Ó dárúkọ yàrá tó ń ṣàìsàn, sda5. Mo tẹ fsck -y /dev/sda5, ó sọ̀rọ̀ lọ bí òjò, mo tẹ reboot, ó jí. Ohun tí ẹ ní láti mọ̀ níbẹ̀ ni pé yàrá tí èèyàn ń gbé inú rẹ̀ lọ́wọ́ kọ́ là ń da fsck sí. Níbi initramfs, wọn kò tíì ṣí yàrá náà fún ìkọ̀wé, ìdí nìyẹn tó fi ṣeé ṣe. Bí Ubuntu bá ti jí tán, ó di ọ̀ràn. Ti NTFS sì jẹ́ ti Windows, chkdsk ló ni ín. Kálukú pẹ̀lú oníṣègùn rẹ̀.

Ibi tí ìgbéraga wọ̀ mí nìyẹn. Mo ti wo àìsàn méjì sàn, mo ti di dókítà. Àìmọ̀kan, àìmọ̀kàn ní í mú èkúté ilé pe ológbò níjà.

Mo ti ṣètò Windows pé bí mo bá pa ìdérí dé, kó má sùn, kó máa print lọ. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo pa á dé, mo gbàgbé pé ó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, mo sọ ọ́ sínú báàgì, mo gun ọ̀kadà lọ sí Ọ̀bá-Ilé. Ẹ mọ bí àwọn kòtò wa ṣe ń gbé èèyàn sókè. Nínú irú dísìkì yẹn, orí tó ń kàwé fò sókè ojú àwo ní ìwọ̀n tó kéré ju fọ́nrán irun lọ, àwo náà sì ń yí ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan. Tí Windows bá sùn, orí náà á ti padà sí ààyè rẹ̀. Tèmi kò sùn. Nígbà tí mo yọ ọ́ jáde nílé, ó gbóná bí ẹ̀bà.

Lọ́jọ́ kejì, nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Fáìlì kan á ṣí, òmíràn á dúró gbagidi, Ubuntu á dì fún ìṣẹ́jú kan. Ohùn kan sì ń jáde lábẹ́ rẹ̀, kẹ́-kẹ́-kẹ́, sinmi, kẹ́-kẹ́-kẹ́. Mo rò pé ẹjọ́ orogún náà ló tún dé. Mo wọ Windows, mo tẹ chkdsk D: /r, mo ní kó ṣe é mọ́jú. Ẹ̀tẹ̀ ni mo fi sílẹ̀ tí mo ń pa làpálàpá. Lẹ́tà r yẹn ń sọ fún un pé kó ka gbogbo ojú àwo D láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó dà bí ẹni tó ní kí alárùn ọkàn sáré láti Ilẹ̀sà Garage dé Ọjà Ọba kó lè mọ̀ bóyá ó ń ṣàìsàn. Láàárọ̀ ó ṣì dúró sórí 27 nínú ọgọ́rùn-ún. Iná lọ, ó kú. Ohùn kẹ́-kẹ́-kẹ́ ti di kàù-kàù.

Onítúnṣe kan ní kí n jẹ́ kí òun fọ́ọ̀màtì rẹ̀, á tún dà bí tuntun. Mo ti fẹ́ gbà. Ọmọ iṣẹ́ mi ló ní, "Mà, ẹ ò pe bùrọ̀dá?" Mo pe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní kí n kọ́kọ́ ka ohun tí Ubuntu ń sọ fún òun. Mo tẹ sudo dmesg, mo kà á: "I/O error, dev sda, sector", pẹ̀lú nọ́ńbà gígùn kan, ìlà lórí ìlà. Ó ní kí n ṣí Disks, kí n tẹ SMART Data, ìròyìn ìlera dísìkì. Mo ka Current_Pending_Sector, 48. Ó ní kí n jáde kí n tún wọlé lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó ti di 56. Ó ní, "Àǹtí, ẹ pa á báyìí. Ẹ má tàn án mọ́ títí n ó fi dé."

Ká ní mo mọ ìyàtọ̀ yìí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni, n kò ní kọ ìwé yìí. Bí ọ̀rọ̀ tó ń jáde bá jẹ́ unclean, inconsistency, hibernated, ìwé àkọsílẹ̀ ló dàrú, ara dísìkì lè le koko. Ẹni tó ni yàrá náà ni kó tún un ṣe. Bí ó bá jẹ́ I/O error, tó ń dárúkọ sector, ìyẹn ibi kékeré kan lójú àwo, ara dísìkì ló ń kú. Pending yẹn ni iye ibi tí ó ti gbìyànjú láti kà tí kò rí kà. Bó bá ń pọ̀ sí i lójú yín, kò sí chkdsk, kò sí fsck, kò sí fọ́ọ̀màtì. Ẹ̀dà ni kí ẹ máa wá. Ó tún ní kí n wo UDMA_CRC_Error_Count, torí bí ìyẹn nìkan bá ń ga, ó lè jẹ́ wáyà tó so dísìkì mọ́ ẹ̀rọ ni, wáyà kò sì wọ́n. Tèmi jẹ́ òdo. Kò sí àwáwí.

Ó dé lọ́jọ́ Ẹtì. Fláàṣì tí Ubuntu wà lórí rẹ̀ ló fi tan ẹ̀rọ, kò fi dísìkì náà tàn án rárá. Irinṣẹ́ tó lò ń jẹ́ ddrescue. Nínú Ubuntu, gddrescue ni wọ́n ń pè é bí èèyàn bá fẹ́ gbà á sílẹ̀. Ó kọ́kọ́ ń kó ibi tó rọrùn, ó ń fo ibi tó ti bàjẹ́, lẹ́yìn náà ló ń padà wá jà fún ìyókù. Ohun tó mú mi fẹ́ràn rẹ̀ ni pé ó ń kọ gbogbo ibi tó ti dé sínú fáìlì kékeré kan. Ní ìlú tí iná ti ń ṣe bó ṣe wù ú, iṣẹ́ ńlá nìyẹn: iná lọ ní ìgbà mẹ́rin, ìgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dúró sí.

Ìgbìyànjú àkọ́kọ́ kò lọ. Dísìkì àyágbé tí a fẹ́ kó o sí, FAT32 ni wọ́n fi ṣe é torí dẹ́kódà, FAT32 kò sì lè gba fáìlì kan tó ju 4 GB lọ, bẹ́ẹ̀ 500 GB là ń kó. A ra 1 TB. Kó tó tẹ Enter, ó tẹ lsblk, ó ní kí n bá òun kà á sókè, èwo ni sda, èwo ni sdb, èwo ló tóbi tó báwo, torí orúkọ wọn lè yí padà bí èèyàn bá fi fláàṣì tan ẹ̀rọ. Bí a bá gbé orísun sí ipò ibi tí à ń kó o sí, òfìfo la máa kó bo iṣẹ́ ọdún méjì mọ́lẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta la kà á.

Ọjọ́ mẹ́ta ló gbà. Ohun tí kò rí kà kò tó 2 MB lápapọ̀. Ó fi SSD sí láptọ́ọ̀pù náà, ó ní kò ní ohun tó ń yí nínú, kòtò kò lè ṣe é ní irú èyí, ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ kú, ó lè má ṣe kẹ́-kẹ́-kẹ́ kankan fún wa. Fún ìdí yìí, 1 TB náà kò padà sínú páálí. Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ la máa ń kó D sí i, ọmọ iṣẹ́ mi ló ń ṣe é, ó sì ń kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀.

Nínú gbogbo iṣẹ́ oníbàárà, fáìlì méjì ni kò ṣí mọ́. Ọ̀kan jẹ́ ètò ìgbéyàwó àwọn tó ti ṣègbéyàwó tán. Èkejì ni àkọsílẹ̀ àwọn tó jẹ mí lówó. Láti inú ìwé ogójì ewé yẹn la ti ń fi orúkọ àti ọjọ́ ro ó pọ̀, a ti rí mọ́kànlá. Àwọn yòókù ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mi kọjá lójoojúmọ́, wọ́n ń kí mi dáadáa.